KÍ LÓ Ń LÉ ÌYÁ ÀGBÀ TÓ Ń SÁRÉ?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti ẹni tó gbé igbá sí ojú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé láti ìgbà tí díẹ̀ nínú wọn ti ń jí ní ìdájí láti rìn, tí wọ́n sì ń sáré díẹ̀ kí ọjà tó ṣí, ẹnu ò yé kùn. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kí ló ń lé ìyá àgbà yìí?" Àwọn kan ní àṣejù ni, pé orúnkún ni yóò fi jìyà. Àwọn tí inú wọn dùn sí i sì ti gbé àbá wá sí ìpàdé pé kí a mú nínú owó ẹgbẹ́, kí a fi ra aago ọwọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀ fún gbogbo ìyá tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún. Ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ ni a ó ti dìbò lé e lórí. Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Tèmi rèé. Kí àwọn ìyá wa máa rìn, kí àwọn tí ara wọn gbà á sì máa sáré. Kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n bá ṣe sílẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n aago ọwọ́ kọ́ ni ká fi owó ẹgbẹ́ rà. Ẹ jẹ́ ká fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ká tẹ káàdì fún ìyá kọ̀ọ̀kan, ká sì yan àárọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tí a ó jọ máa jáde.

EJÒ TÓ Ń LÉ WA

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a kò bá lé ejò, ejò ní ń lé wa. Ẹni tó bá béèrè ohun tó ń lé ìyá àgbà, ẹ dá a lóhùn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń lé e. Ìtọ̀ súgà ń lé e. Àìlágbára ẹsẹ̀ ń lé e. Ta ni nínú wa tí kò mọ ìyá kan tó pàtẹ ọjà rẹ̀ láàárọ̀, tí ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ kan kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ kó tó di alẹ́? Wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò mọ̀ pé ó wà lára òun ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó lè wà lára èèyàn fún ọdún púpọ̀ láìsí orí fífọ́, láìsí òòyì.

Yàtọ̀ sí àìsàn, ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ ń gba nǹkan lọ́wọ́ wa. Bí a ṣe ń dàgbà, iṣan ara ń dín kù bí a kò bá lò ó. Nígbà tí nǹkan oṣù obìnrin bá sì ti dá tán, egungun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìyá ọgbọ̀n ọdún fi lè yọ̀ ṣubú nínú ọ̀dà ọjà kó dìde kó gbọn aṣọ rẹ̀ nù, tí ìyá àádọ́rin ọdún sì lè ṣubú níbẹ̀ kan náà kí egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Ìyá tí ìbàdí rẹ̀ bá kán, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìsọ̀ rẹ̀ ti di ti ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń bọ́ ilé tẹ́lẹ̀ á wá di ẹni tí wọ́n ń bọ́.

Nítorí náà, kì í ṣe ẹwà ni a ń wá, kì í ṣe pé ká tẹ́ńrẹ́ bí ọmọge. Ohun tí a ń wá ni kí ìyá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọjà, kó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ délé.

"ṢEBÍ MO TI Ń RÌN NÍNÚ ỌJÀ?"

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù nìyí. Ìyá á ní, "Láti àárọ̀ di alẹ́ ni mo ń ṣiṣẹ́, eré wo ni mo tún fẹ́ sá?" Mo gbà pé iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ọ̀kadà ló gbé wa dé ẹnu ọ̀nà ọjà. Alábàárù ló gbé ẹrù wọlé. Ọmọdé ló lọ ra omi, òun náà ló lọ ṣẹ́ owó. Àwa jókòó lórí àpótí láti aago mẹ́jọ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ó ń rẹ̀ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ìjókòó, ti ariwo àti ti oòrùn ni. Alábàárù ni ó ń rìn, àwa kọ́.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n ń pè ní WHO gbé ìlànà jáde fún àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè. Wọ́n ní kí wọ́n máa ṣe ìdárayá tó níwọ̀n, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, fún 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tó le, bí eré sísá, 75 sí 150 ìṣẹ́jú ti tó. Wọ́n tún ní kí wọ́n máa ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán, kí wọ́n sì máa ṣe èyí tí kì í jẹ́ kí èèyàn ṣubú ní ọjọ́ mẹ́ta. Ìlànà náà sì sọ ohun kan tó tu èmi nínú: díẹ̀ sàn ju òfo lọ. Ìyá tí kò lè ṣe 150 ìṣẹ́jú, kó ṣe 60. Ẹni tí kò lè ṣe 60, kó ṣe 20. Bí a ṣe ń dá àjọ náà nìyẹn, bí agbára bá ṣe mọ.

ÀGBÀ LÈ SÁRÉ

Àwọn tó ní àgbà kò lè sáré, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí. Obìnrin ilẹ̀ Jàpáànì kan wà tó ń jẹ́ Mariko Yugeta, ọdún 1958 ni wọ́n bí i. Ní ọdún 2019, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 61, ó sá eré Marathon tán láàárín wákàtí mẹ́ta ó dín díẹ̀, èyí tí obìnrin kankan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò ṣe rí. Kìlómítà 42 àti díẹ̀ ni eré náà o. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jáde nínú Marathon Èkó láti ọdún 2016 tí wọ́n ti ń sá a ni kò lè bá ìyá yìí rìn.

Bàbá Fauja Singh náà ńkọ́? Ọmọ ilẹ̀ Íńdíà ni, ìlú Ọba ló gbé nígbà ogbó rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kó tó mú eré sísá ní òkúnkúndùn, lẹ́yìn tí ikú ti mú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ. Ó sá Marathon Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2000, ẹni ọdún 89 ni. Ó sá ti Toronto ní Kánádà ní ọdún 2011, ẹni 100 ọdún ni wọ́n kà á sí. Àwọn tó ń kọ àkọsílẹ̀ ohun àràmàǹdà sínú ìwé Guinness kò gba tirẹ̀ wọlé, torí pé kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe jọ ti àwọn ìyá wa? Mélòó nínú wọn ló ní ìwé ọjọ́ ìbí? Wọ́n á ní ọdún tí wọ́n la ọ̀nà títì ni wọ́n bí àwọn, tàbí ọdún tí ọba kan wàjà. Bàbá yìí kú ní oṣù keje ọdún 2025, ẹni ọdún 114. Eré kọ́ ló pa á o. Ọkọ̀ ló kọ lù ú lójú títì lábúlé rẹ̀. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn láìpẹ́.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ sá Marathon. Ọlọ́gbọ́n èèyàn kì í fi ọjà ẹlẹ́gbàá wé ọjà alágbàáǹlá. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ ni pé ọgọ́ta ọdún kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹsẹ̀.

AAGO TÓ Ń KA ÌṢÍSẸ̀

Ó wá kan aago. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti ń fi í ránṣẹ́, ó sì ń wu ojú. Ẹni tó bá ti ní tirẹ̀, kó máa lò ó. Ó dára fún kíka ìṣẹ́jú, ó sì lè jẹ́ kí èèyàn mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ yìí dára ju ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ká fi owó gbogbo wa rà á, mo ní ìdí mẹ́rin tí mi ò fi gbà.

Èkíní, òǹkà rẹ̀ kì í fìgbà gbogbo bá iṣẹ́ wa mu. Bí ọwọ́ ṣe ń mì ni aago fi ń mọ̀ pé èèyàn gbẹ́sẹ̀. Ìyá tó fi ọwọ́ kan di igbá mú lórí, tí ọwọ́ náà kò mì, ó lè rìn láti ìdí ọkọ̀ dé ìsọ̀ kí aago má ka ìdajì rẹ̀. Alákàrà tó jókòó tó ń fẹ́ iná, tàbí ẹni tó ń gún iyán, aago lè kà á sí ìrìn. Ṣé irú òǹkà bẹ́ẹ̀ la fẹ́ fi yan ìyá tó gba ẹ̀bùn?

Èkejì, ọ̀rọ̀ 10,000 ìṣísẹ̀ lójúmọ́ tí gbogbo ayé ń pariwo, dókítà kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Jàpáànì ló ṣe ẹ̀rọ kíka ìṣísẹ̀ ní ọdún 1965, wọ́n sì sọ ọ́ ní Manpo-kei, tó túmọ̀ sí òǹkà ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Orúkọ ọjà ni. Àwa tí à ń tajà la sì yẹ ká kọ́kọ́ dá ìpolówó ọjà mọ̀! Ní ọdún 2019, I-Min Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard ní Amẹ́ríkà tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde lórí 16,741 àgbà obìnrin, tí ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ 72. Àwọn tó ń rìn bí 4,400 ìṣísẹ̀ lójúmọ́, iye tó kú nínú wọn fi ìdá 41 nínú 100 dín sí ti àwọn tó ń rìn bí 2,700. Àǹfààní náà ń pọ̀ sí i títí dé bí 7,500, lẹ́yìn náà kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè mọ́. A lè sọ pé àwọn tí ara wọn le tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ń rìn jù, òótọ́ ni. Síbẹ̀, ó hàn pé ìyá kò gbọ́dọ̀ pa ara rẹ̀ torí 10,000.

Ẹ̀kẹta, aago máa ń sọ bí ọkàn ṣe ń lù, á sì ní "ó ti pọ̀ jù" tàbí "ó kéré". Ìṣirò ọjọ́ orí ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń sọ bẹ́ẹ̀: kí a yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220. Ẹni ọdún 65 á ní 155. Ìṣirò míì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2001 á fún ìyá kan náà ní 162. Èwo ni ká mú? Ìpíndọ́gba ọ̀pọ̀ èèyàn ni méjèèjì, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fi mẹ́wàá ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kó dín. Ìyá tí kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ńkọ́, kí ni yóò yọ kúrò nínú 220? Èyí tó tún le jù ni pé àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà, bí atenolol àti propranolol, tí kì í jẹ́ kí ọkàn lù yára. Ìyá tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè ti sáré kọjá agbára rẹ̀ kí aago ṣì máa sọ fún un pé kó tún fi kún un.

Ẹ̀kẹrin, aago kan, ọwọ́ kan. Ó ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ fóònù, ó ń fẹ́ ọmọ tí yóò máa bá ìyá kà á. Ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru kan ṣoṣo lè sin ọgọ́rùn-ún ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú oníṣòwò wò ó: èwo ni ó jèrè?

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A RÀ

Kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru méjì, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Kí ìdè rẹ̀ kan tóbi, torí apá àwọn ìyá wa kì í ṣe apá ọmọdé. Ìdè tó bá há jù máa ń pa irọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ga. Kí nọ́ọ̀sì wá kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ bíi mẹ́rin bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kí ìyá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wò ó, kó fẹ̀yìn ti nǹkan, kó má ṣe máa sọ̀rọ̀, kó má ṣe máa pe oníbàárà.

Bí ó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, kó lọ rí dókítà, kó má sì fi àgbo nìkan gbé e. Bí ti òkè bá tó 180, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 110, kò sí eré lọ́jọ́ náà, ilé ìwòsàn ni. Ìyá tó ń lo oògùn ìtọ̀ súgà bí glibenclamide, tàbí tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má jáde lófìfo inú, kó sì mú súgà dání, torí súgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.

Ìkejì ni káàdì. Gbogbo wa la mọ káàdì alájọ. Ìlà ọgbọ̀n tàbí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, alájọ á fa ìlà sí i lójoojúmọ́, ìyá tí kò kàwé mọ ibi tí owó òun dé. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ náà ni kí a tẹ̀. Ìyá tó bá jáde láàárọ̀, kó fa ìlà kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Lábẹ́ rẹ̀, kó fi àmì kan sí i bí ó bá rọrùn, méjì bí ó bá tó o, mẹ́ta bí ó bá le. Kí wọ́n kọ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ibì kan bá ń dùn ún, kó fi hàn níbẹ̀. Bí ó bá lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, káàdì yìí ni kó mú lọ. Oṣù mẹ́ta lórí káàdì á sọ fún dókítà ju ohun tí ìyá lè rántí lọ.

Ẹ sì rántí pé nínú àjọ, owó ọjọ́ kan nínú oṣù, ti alájọ ni. A kì í jà sí i. Ara náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, iṣan kì í tètè bọ́ sípò bí ti ọ̀dọ́. Bí a bá sáré lónìí, kí a sinmi lọ́la. Àyè tó ṣófo lórí káàdì kì í ṣe gbèsè. Aago ló máa ń sọ ọ́ di gbèsè.

BÍ A Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Ọ̀nà kan ò wọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo mọ̀ pé kò ní pa ẹnikẹ́ni lára nìyí. Kí ìyá tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí, kó gba àṣẹ dókítà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ìrìn nìkan. Àárọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀, 20 ìṣẹ́jú, kó máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di 30.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹjọ, lẹ́yìn ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó sáré fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kó rìn fún ìṣẹ́jú méjì, kó tún sáré. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré. Ẹni tí kò ní aago, kó ka ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dé 40 bí ó bá ń sáré, ó tó nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án sí ìkejìlá, kí ó sáré fún ìṣẹ́jú kan, kó rìn fún méjì, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á, kó dúró sórí ìrìn. Ìrìn kì í ṣe ìjákulẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀nà ọ̀lẹ ni kí á máa sáré kí á tún máa rìn. Jeff Galloway, tó sáré fún Amẹ́ríkà ní Olympics ọdún 1972, ọ̀nà yìí gan-an ló fi kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé a kò ṣe jù? Ẹ máa ná ọjà lọ! Bí ìwọ àti ẹnì kejì rẹ bá lè ná ọjà láti orí iye àkọ́kọ́ títí dé orí "gbà á bẹ́ẹ̀", ìrìn yín dára. Bí ẹ bá lè kọrin, ẹ lè yára sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu yín kí ẹ tó dárúkọ iye, ẹ dẹ ẹsẹ̀.

Ní ìsọ̀, kí ìyá dìde lórí àpótí rẹ̀ láìfọwọ́ti nǹkan, kó tún jókòó, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ti tó. Kó di tábìlì ọjà mú, kó fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìgbà tí yóò fi ka 10, kó tún fi ìkejì dúró. Èyí ni yóò gbà á lọ́wọ́ ìṣubú, kò sì gba kọ́bọ̀.

Tí a bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó, pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé ń bẹ. Pápá tó bá péye jẹ́ mítà 105 ní gígùn àti 68 ní ìbú, yíyí i ká lẹ́ẹ̀kan á tó nǹkan bí mítà 346. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta á ti lé ní kìlómítà kan.

ẸSẸ̀ KÒ GBỌDỌ̀ DÉ IBI TÍ IKÚ WÀ

Mo ní màá padà sórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Bàbá tó sáré dé ọgọ́rùn-ún ọdún, ọkọ̀ ló gbẹ̀mí rẹ̀. Nítorí náà, pápá ilé ìwé sàn ju títì lọ. Bí ó bá di dandan kí a gba títì, ẹ jẹ́ kí ojúmọ́ mọ́ díẹ̀, ẹ wọ aṣọ funfun, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ má ṣe kẹ̀yìn sí i. Kí ìyá kan má dá nìkan jáde, ẹ jẹ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ wọ bàtà kánfáàsì tó bá ẹsẹ̀ mu, kí ẹ má fi sílípáàsì sáré. Ẹ mu omi kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìyá tí ibà ń ṣe, kó sùn sílé lọ́jọ́ náà. Bí àyà bá ń dun ni tàbí tó ń fún ni mọ́lẹ̀, bí òòyì bá ń kọ́ ni, bí èémí bá ń ṣe kúkúkú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé "jẹ́ kí n parí ìyípo kan yìí." Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní ń le koko.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ DÁBÀÁ AAGO

Mo mọ̀ pé inú rere ni ẹ fi dá a. Ẹ rí i pé ẹ̀bùn máa ń mú èèyàn jáde, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú ìyá àgbà jáde ní ìdájí, tí mo ti rí i, ni ohùn ìyá kejì lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ìyá Risi, ẹ ti jí bí? A ń lọ o." Aago á ké, ìyá á pa á, á tún sùn. Ṣùgbọ́n ta ló lè pa ẹnu aládùúgbò? Ẹgbẹ́ ló ń mú ni sáré. Ẹgbẹ́ la sì jẹ́.

Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́ di ìdíje. Bí a bá pín aago lónìí, lọ́la a ó máa béèrè ta ló rìn jù, lọ́tùnla ìyá kan á ti fi orúnkún tó ń wú sáré torí kí orúkọ rẹ̀ lè jáde. Káàdì kì í bá ti ẹlòmíràn díje. Ti ìyá ni, ọ̀la ló ń bá òní rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Àwọn ìyá wọ̀nyí ló fi ẹ̀yìn pọ̀n yín wọjà yìí. Dípò kí ẹ béèrè ohun tó ń lé wọn, ẹ jí bá wọn jáde. Ejò tó ń lé wọn kò gbàgbé ọ̀nà ilé yín.

Nítorí náà, ní ìpàdé tó ń bọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi ohùn kan sọ ọ́: ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru méjì, káàdì fún gbogbo ìyá, àárọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní pápá. Owó tó bá ṣẹ́kù, kí akápò fi pamọ́ fún ìyá tí dókítà bá kọ oògùn fún tí kò rí owó rà á. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ìyá tí kò sí lórí ìdúró, kò sí ọjà tí yóò tà.

Olúwa yóò fún àwọn ìyá wa ní ẹ̀mí gígùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń rìn. Ẹ ó tà o, ẹ ó jèrè o. Ó di ìpàdé.